Oyin Áfíríkà ní Bùràsíìlì

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọ̀mọ̀wé kan wà ní Bùràsíìlì, Warwick Kerr lorúkọ rẹ̀, tó fẹ́ jẹ oyin. Kì í ṣe ẹnu àáké nìkan ló bàjẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ náà, díẹ̀ ló kù kí orúkọ ọkùnrin náà bá a lọ.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Oyin kéékèèké tí kì í ta èèyàn ni Ọlọ́run dá sí igbó Bùràsíìlì. Irú èyí tó ń ta, tí àwa mọ̀, kò sí níbẹ̀ títí di ọdún 1839 tí wọ́n kó o wá láti ilẹ̀ Potogí. Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ òtútù ni. Ooru ibẹ̀ kò bá a lára mu, ohun tí wọ́n ń rí nínú afárá rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ní ọdún 1956, Kerr wá sí Áfíríkà, ó kó ìyá oyin láti South Africa àti Tanganyika lọ sí Rio Claro, ní ìpínlẹ̀ São Paulo. Ó fẹ́ kí wọ́n gun ti òyìnbó, kí ó lè rí ọmọ tó múṣẹ́ tí kò sì burú.

Ó mọ̀ pé oyin Áfíríkà gbóná. Kí ni kò ní mú un gbóná? Nílẹ̀ Yorùbá níbí, iná la fi ń kó oyin láti ayébáyé. Òru ni ọdẹ ń gbé ògùṣọ̀ lọ, á jó wọn, á kó afárá, ó dilé. Oyin tó bá ń ṣe jẹ́jẹ́ ti kú nìyẹn. Èyí tó tètè ń bínú ló ń rí ọmọ bí. Àwọn òyìnbó ní tiwọn ti ń kọ́lé fún oyin ọjọ́ pẹ́, èyí tí kò le ni wọ́n sì ń ṣà sìn.

Kerr fi irin oníhò dí ẹnu àpótí oyin rẹ̀: òṣìṣẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, ìyá oyin kò lè gbà á nítorí ó tóbi jù. Ní ọdún 1957, àlejò kan rí i pé irin náà ń dí wọn lọ́wọ́ iṣẹ́, ó bá yọ ọ́. Àánú ló ṣe é! Kí wọ́n tó mọ̀, ọ̀wọ́ oyin 26 ti bọ́ sígbó.

Ló bá di wàhálà. Èèyàn kú, ẹran ọ̀sìn kú. Oró ọ̀kan nínú wọn kò ju ti oyin òyìnbó lọ. Ọ̀pọ̀ tó ń ta lẹ́ẹ̀kan náà ló ń pani. Oníwèé ìròyìn sọ wọ́n ní "oyin apànìyàn". Kerr, tí ń bá àwọn sójà tó gbàjọba ní 1964 wí, wọ́n tì í mọ́lé lọ́dún náà àti ní 1969, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ oyin bà á lórúkọ jẹ́. Amẹ́ríkà ṣe sinimá The Swarm ní 1978, oyin ọ̀hún kò sì dé Texas títí di 1990. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, adansonii, orúkọ oyin tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, làwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é, kó tó hàn pé scutellata, ìbátan rẹ̀ láti ìlà-oòrùn àti gúúsù, ni.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin oyin pa iṣẹ́ tì. Àwọn tó kù gbé àpótí jìnnà sílé, wọ́n wọ aṣọ funfun tó nípọn, wọ́n ń fín in léèéfín dáadáa. Kerr náà ń kọ́ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé Varroa, kòkòrò tó ń lẹ̀ mọ́ oyin lára tó sì ń pa á níbi púpọ̀ láyé, kò rí tiwọn gbé ṣe. Wọn kì í ra oògùn sí i. Ní Panama, David Roubik kọ ọ́ ní 2002 pé ẹ̀ka kọfí tí oyin ń bà lé so ju èyí tí wọ́n fi nǹkan bò lọ, nítorí oyin ló ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó kan dé òmíràn.

Kerr kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ẹni ọdún 96. Ní Piauí, ilẹ̀ gbígbẹ níbi tí wọn kì í ti í sin irú oyin bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń fi í jẹun báyìí. Oníbàárà tó ti ń rà jù lọ́wọ́ Bùràsíìlì láti ọdún pípẹ́ ni Amẹ́ríkà, àwọn tó ṣe sinimá ọjọ́sí.