Commander: Káàdì Magic Láàárín Ẹni Mẹ́rin

Commander jẹ́ ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ta káàdì Magic: The Gathering. Ẹni mẹ́rin ló sábà máa ń jókòó yí tábìlì ká. Kò sí ẹni tó ní ẹnìkejì, ẹnìkan ṣoṣo ni yóò sì borí.

Richard Garfield, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ló ṣe Magic, iléeṣẹ́ Wizards of the Coast sì gbé e jáde ní 1993. Kò dà bíi Whot tí gbogbo ilé jọ ń fa láti inú ìdì kan. Níbí, oníkálukú ló ń ra káàdì, tó ń bá ẹlòmíràn ṣe pàṣípààrọ̀, tó sì ń di ìdì tirẹ̀ wá láti ilé. Àwọn káàdì ilẹ̀ ló ń pèsè mana, ìyẹn agbára tí wọ́n fi ń ta àwọn káàdì yòókù.

Ní Alaska ni Commander ti ṣẹ̀. Elder Dragon Highlander ni wọ́n ń pè é nígbà náà, Sheldon Menery tó jẹ́ adájọ́ ìdíje Magic ló sì sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀. Ọdún 2011 ni Wizards kọ́kọ́ tẹ ìdì káàdì tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Káàdì 100 ló wà nínú ìdì kan, kò sì sí èyí tó gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, àfi àwọn ilẹ̀ ìpìlẹ̀. Ẹ̀mí 40 ni oníkálukú fi ń bẹ̀rẹ̀, dípò 20 tí Magic ẹni méjì ń lò. Ọ̀kan nínú káàdì 100 náà ni ọ̀gágun, ìyẹn commander. Gbangba ni ọ̀gágun ń wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì mọ káàdì dáadáa ti lè fojú díwọ̀n ohun tí alátakò fẹ́ ṣe kí ẹnikẹ́ni tó fa káàdì kan.

Ìṣirò rẹ̀ gan-an ló le. Ká ní àwa méjì péré là ń ta, tí mo sì fi káàdì mi kan ba tìrẹ kan jẹ́, ọwọ́ wa dọ́gba. Ní ìdí tábìlì ẹni mẹ́rin, èmi àti ìwọ la pàdánù. Àwọn méjì tó kù kò ná kọ́bọ̀, wọ́n sì ti ṣáájú wa. Ìdí nìyí tí ọ̀ta kì í fi í sáré lu gbogbo ohun tó bá rí. Ìdí nìyí náà tí Wrath of God, tó ń pa gbogbo ẹ̀dá orí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà, fi níyì ju káàdì tó ń pa ẹyọ kan lọ.

Ẹni tó bá ṣáájú ni gbogbo èèyàn ń dojú kọ. Ẹni tó bá ta Whot rí mọ̀ ọ́n: kété tí ẹnìkan bá ti ké “last card”, òun ni gbogbo ojú ń wò. Ṣùgbọ́n dírágónì ńlá tó dùbúlẹ̀ lórí tábìlì kọ́ ni ewu nígbà gbogbo. Ẹni tí káàdì méje wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò tíì lo ilẹ̀ rẹ̀, tí kò sì sọ̀rọ̀, òun ló yẹ ká máa ṣọ́.

Fífèsì ni mo kà sí ọkàn eré yìí. Bí wọ́n bá ta káàdì, kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àǹfààní láti fèsì á kọ́kọ́ yí tábìlì ká, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó tẹ̀ lé ẹni tó ta á. Èsì tó bá dé kẹ́yìn ló ń ṣáájú ṣiṣẹ́, bí abọ́ tí a tò léra: tòkè la kọ́kọ́ ń mú. Ẹ wo ẹni tó fẹ́ fi Thassa's Oracle àti Demonic Consultation borí. Demonic Consultation lè kó gbogbo ìdì rẹ̀ dànù. Oracle sì sọ pé ẹni tí ìdì rẹ̀ ti tán ló borí. Force of Will lè dá a dúró. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ní in lọ́wọ́, ó lè dákẹ́, kó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó kẹ́yìn, kó má bàa ná káàdì tirẹ̀. Bí ẹni kejì náà bá ro bẹ́ẹ̀, tí ọwọ́ ẹni kẹta sì ṣófo, eré parí. Nítorí náà ni ẹnu fi ń ṣiṣẹ́ bí ọwọ́: wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń ṣe àdéhùn, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ohun tó wà lọ́wọ́. Òfin kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni láti mú àdéhùn ṣẹ, àmọ́ ẹni tó bá dalẹ̀ lónìí, wọn ò ní gbàgbé lọ́la.

Ìṣòro kan wà tí mi ò fẹ́ràn: ẹni tí kò lè borí mọ́ ṣì lè yan ẹni tí yóò borí. Garfield fúnra rẹ̀ ti wá nǹkan ṣe sí irú èyí nínú eré míì tó ṣe ní 1994, èyí tí a mọ̀ sí Vampire: The Eternal Struggle lónìí. Níbẹ̀, ẹni tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ ni ẹran tí ò ń dọdẹ, ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ sì ń dọdẹ rẹ. Ojú àmì ni wọ́n ń kà, nítorí náà ẹni tó ń kú lọ pàápàá ṣì ní ohun tó ń jà fún. Commander kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó Commander fòfin de Mana Crypt, Jeweled Lotus àti Dockside Extortionist, torí pé wọ́n ń jẹ́ kí ẹnìkan sáré jù kí àwọn yòókù tó rí nǹkan fi fèsì. Inú bí ọ̀pọ̀ tó fi owó gọbọi ra wọ́n, ìhàlẹ̀ sì dé bá àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà débi pé kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n fi iṣẹ́ náà lé Wizards lọ́wọ́. Ní oṣù Kejì 2025, Wizards pín ìdì káàdì sí ìpele márùn-ún. Ìpele karùn-ún ni ti àwọn tó ń ta fún ìdíje. Ẹ sọ ìpele tiyín fún àwọn tí ẹ jọ jókòó kí ẹ tó po káàdì.