Lugard: Ìtàn Orúkọ Ìdílé Kan Tó Ṣọ̀wọ́n àti Bí Ó Ṣe Kan Ilẹ̀ Borgu

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ kì í dá dúró. Oríkì ń tẹ̀lé e, orílẹ̀ ń tẹ̀lé e, àgbolé tí a ti bí ọmọ náà sì ń jẹ́rìí sí i. Bí àlejò kan bá ní Òjò ni òun ń jẹ́, àwọn àgbà yóò tún béèrè pé ọmọ ta ni, láti àgbolé wo, kí sì ni wọ́n fi ń kì wọ́n nílé bàbá rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ ìdáhùn gbogbo ìwọ̀nyí ni wọ́n tó mọ ẹni tó dúró níwájú wọn.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandi ṣẹ́gun ilẹ̀ wọn ní ọdún 1066 ni orúkọ ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí múlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàrin wọn. Àwọn kan mú tiwọn láti inú iṣẹ́ ọwọ́, bí Smith tí í ṣe alágbẹ̀dẹ. Àwọn kan mú un láti ibi tí wọ́n ń gbé, bí Hill, ará orí òkè. Àwọn mìíràn mú un láti ara bàbá, bí Johnson, ọmọ John. Bàbá a fi orúkọ náà lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọbìnrin a sì máa fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wọ ilé ọkọ. Nípa bẹ́ẹ̀, orúkọ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ń jẹ́ kò níṣòro. Ṣùgbọ́n èyí tí ìwọ̀nba ìdílé ń jẹ́ wà nínú ewu nígbà gbogbo: bí ọkùnrin kan kò bá bí ọmọkùnrin, ẹ̀ka tirẹ̀ gbẹ nìyẹn.

Lugard wà lára àwọn orúkọ tí ó ṣọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìdílé tí ó sọ ọ́ di mímọ̀ jẹ́ ìdílé àwọn jagunjagun àti àwọn àlùfáà, tí iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé lọ sí ilẹ̀ Íńdíà. Frederick Grueber Lugard jẹ́ àlùfáà àwọn ọmọ ogun ní ìlú Madras. Arákùnrin rẹ̀, Edward Lugard, di ọ̀gágun ńlá, ó sì tún di òṣìṣẹ́ àgbà ní ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ogun ní London. Madras náà ni wọ́n ti bí ẹni tí ìtàn yìí dá lé lórí, Frederick John Dealtry Lugard, ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1858. Dealtry tó wà láàrin orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti Thomas Dealtry, bíṣọ́ọ̀bù Madras, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá mọ ohun tí í ṣe kí a fi orúkọ ọmọ pọ́n ọ̀rẹ́ lé.

Ìdílé náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà rìn jìnnà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1890, Lugard kọ́ odi sórí òkè kan ní Kampala, ní ilẹ̀ Buganda, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe odi náà. Ní Kenya, lójú odò Galana tí ó gba inú ọgbà ẹranko Tsavo kọjá, ibi kan wà tí omi ti ń já wálẹ̀ láàrin àpáta; wọ́n ń pè é ní omi Lugard. Ní Hong Kong, níbi tí ó ti jẹ́ gómìnà láti ọdún 1907 sí 1912, ojú ọ̀nà kan lórí òkè ńlá ìlú náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní Kaduna, ilé tí àwọn aṣòfin ti ń jókòó ń jẹ́ Lugard Hall, afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan tí wọ́n gbé wá láti Zungeru sì ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ní Ìkòyí ní Èkó, òpópónà Lugard wà títí di òní. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ibi tí orúkọ yìí tàn dé, orí òkúta, omi àti ojú ọ̀nà ni kí ó ti wá a, kì í ṣe inú ìwé tí a ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sí.

Ibì kan wà tí orúkọ náà kọjá tí ó jẹ́ ti àwọn ará Parakou gan-an. Ibẹ̀ ni Nikki.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà láàrin ilẹ̀ Èkó àti ilẹ̀ tí Faransé ń nawọ́ sí ní ìhà Àjàṣẹ́. Wọ́n fa ìlà náà láti etí òkun lọ sókè, Kétu sì bọ́ sọ́wọ́ Faransé, nígbà tí Ìmẹ̀kọ, tí í ṣe ọmọ Kétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìlà náà dé ìwọ̀n kẹsàn-án ní àríwá ayé, wọ́n dá a dúró. Parakou wà ní òkè ibi tí ìlà náà dúró sí díẹ̀. Ohun tí ó wà láti ibẹ̀ lọ sí òkè, ìyẹn Parakou, Nikki, Kandi, Bussa, Kaiama, gbogbo ilẹ̀ Borgu, ni àwọn aláwọ̀ funfun kò tíì pín.

Ilé iṣẹ́ Royal Niger Company, tí George Goldie ń darí, ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ọba Bussa ní ọdún 1890. Wọ́n ní ọba Bussa ni ó ni gbogbo Borgu, nítorí náà gbogbo Borgu ti di tiwọn. Faransé kọ̀. Wọ́n ní Nikki ni olórí. Ẹni tí ó bá mọ àṣà ọba ní Borgu mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bí èkíní ti sọ, kò sì rí bí èkejì ti sọ. Ìtàn Kisra so àwọn ààfin náà pọ̀ mọ́ orísun kan. Bussa ní ọ̀wọ̀ àgbà, Nikki sì ní agbára àti ilẹ̀ tó gbòòrò. Àgbà lọ́tọ̀, alágbára lọ́tọ̀. Ìdílé ọba gbogbo mọ bí a ṣe ń gbé irú ìyẹn láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n àwọn àjèjì méjì sọ ipò ọ̀wọ̀ láàrin àwọn ọba di ẹjọ́ ilẹ̀.

Goldie bá rán Lugard níṣẹ́. Ní oṣù keje ọdún 1894, Lugard wọ ọkọ̀ ojú omi ní Liverpool. Ní oṣù náà gan-an, ọ̀gágun Faransé tí ń jẹ́ Henri Decoeur kúrò ní Marseille. Ọ̀kan gba ẹnu odò Ọya wọlé, èkejì gba etí òkun Dahomey, Nikki ni àwọn méjèèjì sì ń lé. Lugard ló kọ́kọ́ dé, ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá. Ọba Nikki kò jáde sí i. Àwọn aṣojú ọba ni wọ́n bá a sọ̀rọ̀, àwọn ni wọ́n sì bá a parí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 10 oṣù náà. Kò fojú kan ọba títí ó fi kúrò ní ìlú. Decoeur dé lẹ́yìn rẹ̀, òun náà sì gba ìwé tirẹ̀ ní ọjọ́ 26. Láàrin ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, ìwé méjì tí ó tako ara wọn ti jáde láti ìlú kan ṣoṣo. Nígbà tí Lugard ń padà, ọfà olóró bà á lórí. Ó yè é.

Àwọn Faransé fi ti ọba tí kò yọjú yẹn jiyàn pé ìwé Lugard kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 1897, ọmọ ogun wọn gba Nikki. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun tuntun sílẹ̀, wọ́n sì tún fi Lugard ṣe olórí rẹ̀; àwọn ọmọ ogun méjèèjì dojú kọ ara wọn ní Borgu títí ogun fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Ní Paris, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1898, wọ́n pín in. Nikki, Parakou àti Kandi di ti Faransé. Bussa àti Kaiama di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọba kankan láti Borgu kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Lugard di alákòóso Àríwá Nàìjíríà ní ọdún 1900, lẹ́yìn náà gómìnà àgbà gbogbo Nàìjíríà nígbà tí wọ́n so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní ọdún 1914. Ní ọdún 1902 ó fẹ́ Flora Shaw, akọ̀ròyìn tí ó ti dábàá orúkọ Nàìjíríà nínú ìwé ìròyìn The Times ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1897. Ọkọ fi orúkọ ara rẹ̀ sí ojú ọ̀nà àti afárá. Ìyàwó fi orúkọ fún orílẹ̀-èdè odidi. Wọn kò bímọ. Ní ọdún 1928, ọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè ìdílé dá Lugard lọ́lá, irú oyè tí àkọ́bí ọkùnrin ń jogún. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1945, kò sí ẹni tí yóò jogún rẹ̀. Oyè náà pa rẹ́ lọ́jọ́ náà.

Báyìí ni ọkùnrin tí kò fi orúkọ rẹ̀ lé ọmọ kankan lọ́wọ́ ṣe lọ́wọ́ nínú ohun tí ó yí orúkọ ọmọ ọlọ́mọ padà. Nítorí pé ààlà náà kò pín ilẹ̀ nìkan. Ó pín ọ̀nà tí a ń gbà kọ orúkọ.

Láàrin àwọn Bàrìbá, ipò ìbí ni orúkọ ọmọkùnrin ń sọ: Woru ni àkọ́bí, Sabi ni ìkejì, Bio ni ìkẹta, Boni ni ìkẹrin. Ní apá Kaiama àti Baruten, ní ìpínlẹ̀ Kwara, báyìí ni wọ́n ń kọ wọ́n. Ní Parakou àti Nikki, akọ̀wé Faransé kọ Woru ní Orou tàbí Worou, ó sì kọ Sabi ní Chabi. Ìlú kan náà tó wà lẹ́nu ibodè ń jẹ́ Chikanda lápá kan, ó ń jẹ́ Chicandou lápá kejì. Àwọn ọmọ Yorùbá kò yọ sílẹ̀: Òjò di Odjo, Àjàyí di Adjayi, Olú di Olou, Ṣábẹ̀ẹ́ di Savè. Ọmọ ìyá méjì tí ọ̀kan ṣí lọ sí Ìlọrin, tí èkejì dúró ní Parakou, lè bí ọmọ tí ìwé kò ní mọ̀ pé ẹbí ni wọ́n.

Ohun kejì tún wà. Òfin ìwé ìbí tí Faransé mú wá ní kí ọmọ máa jẹ́ orúkọ bàbá bíi ti àwọn ará Yúróòpù. Nípa bẹ́ẹ̀, orúkọ tí ń sọ ipò ìbí ẹnì kan ṣoṣo di orúkọ tí gbogbo ìran rẹ̀ ń gbé. Àkọ́bí lè máa jẹ́ Chabi lónìí nítorí pé bàbá bàbá rẹ̀ ni ọmọkùnrin kejì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé tí kò bára tan ń jẹ́ Orou, nígbà tí ilé kan ṣoṣo lè ní orúkọ mẹ́ta lórí ìwé. Ìdílé Lugard kéré, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ́ orúkọ náà ń tọ́ka sí ilé kan. Àwọn Orou pọ̀ bí koríko, síbẹ̀ orúkọ náà nìkan kò lè júwe ilé ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá ń wá ìbátan ní òdìkejì ààlà ní láti wá orúkọ náà ní ọ̀nà méjèèjì tí wọ́n ń gbà kọ ọ́, ní ti Faransé àti ní ti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó bá sì ń kọ ìtàn ilé rẹ̀ sílẹ̀, kí ó má fi mọ sí orúkọ tí ó wà lórí ìwé ìbí. Kí ó kọ àgbolé, ìlú tí wọ́n ti ṣí wá, ipò ìbí bàbá àti ti bàbá bàbá, orúkọ ìyá àti ilé tí ìyá ti wá, oríkì ilé, àti oyè tí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá jẹ ní ààfin. Àwọn àgbà tí wọ́n mọ ìwọ̀nyí láìwo ìwé ń dín kù lọ́dọọdún. Bí wọ́n ti ń lọ, ìwé ìbí nìkan ni yóò ṣẹ́ kù, ohun tí ìwé ìbí sì mọ̀ nípa ilé ẹnikẹ́ni ní Parakou kò tó ohun tí ìyá àgbà kan lè sọ láàárín ìrọ̀lẹ́ kan.