Samaritans: àwọn tó ń fetí sí ẹni tí ayé sú

Ní Lọ́ńdọ̀nù ni àlùfáà Chad Varah ti dá Samaritans sílẹ̀ lọ́dún 1953, kí ẹni tí ayé sú lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ń fún àwọn tó wá dúró dè é ní tíì. Ó rí i pé bí wọ́n bá ti bára wọn sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ò wá òun mọ́. Ní 1954, ó fa iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Títí dòní, àwọn tó ń gbé fóònù níbẹ̀ kì í gbowó. Ọrẹ aráàlú ló pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n ń ná.

Ní Benin tiwa, ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ lè pe 138 lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ará Alafiarou, ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà yìí kọ́ àwọn ọmọ wa.