Ìwé Àṣẹ Tí Kò Tètè Dé

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀rọ̀ ìwé pélébé kan ni, èyí tí a ń pè ní físà, àti bí àwọn ènìyàn ṣe ń dúró dè é títí tí ẹsẹ̀ fi ń ro wọ́n.

Bí ẹ bá dé ibùdókọ̀ Challenge kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ óò rí àwọn kan láàárín àwọn tó ń wá ọkọ̀ Èkó tí wọ́n fi àpòòwé ńlá sábẹ́ abíyá. Wọn kò gbé ẹrù, wọn kò sì lọ ra ọjà. Bí Ìbàdàn ti tóbi tó nì, ẹni tó ń wá físà Amẹ́ríkà ní láti lọ dáhùn ìbéèrè ní Èkó tàbí ní Àbújá. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ lọ wẹ ọmọ-ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Òmíràn jẹ́ olùkọ́ tí wọ́n pè sí àpérò. Òmíràn kò ní ìdí kan ju pé ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí òkèèrè, ìyẹn náà kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á yé yín. Ìwé méjì ni arìnrìn-àjò ń gbé. Ìwé ìrìnnà ni ìjọba ilẹ̀ ẹni fi ń sọ pé, “Ọmọ wa nìyí.” Físà ni ìjọba ilẹ̀ ibòmíràn fi ń sọ pé, “A gbà kí ó wọlé.” Ìlẹ̀kùn méjì ni wọ́n, ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìdúró tirẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa kò mọ ọ̀kan nínú méjèèjì. Oníṣòwò tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Párákòú tàbí Kùmásì, oníbodè ni ó mọ̀. Oníbodè a máa gba owó, ó sì lè ni ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n ojúkojú ni: ẹni tó dá ọ dúró wà níwájú rẹ, o lè bẹ̀ ẹ́, o lè bá a jiyàn, bí ó bá sì kọ̀, o mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ó kọ̀. Ìdúró tí à ń sọ yìí yàtọ̀. Ẹni tó ń dá ni dúró kò hàn, a kò sì mọ̀ bóyá iṣẹ́ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni, tàbí ó ti pinnu láti má ṣe é.

Ogun Àgbáyé Kìíní, láti 1914 sí 1918, ni ó mú kí àwọn ìjọba Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìwé lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọjá ẹnubodè wọn. Ní 1920 àwọn aṣojú wọn pàdé ní Paris lábẹ́ Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè, wọ́n fi ẹnu kò sí irú ìwé kan náà fún gbogbo ilẹ̀, ìrètí wọn sì ni pé, bí àlàáfíà bá fìdí múlẹ̀, a óò lè mú òfin yìí kúrò nílẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí tí a ti ń retí.

Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ẹni tí wọ́n bí sí Èkó jẹ́ ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì gan-an, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó láti 1861. Ọmọ Ìbàdàn kàn jẹ́ ẹni tí ọba náà ń dáàbò bò ni. Síbẹ̀, ọmọ Ìbàdàn tó bá ti ní ìwé ìrìnnà àti owó ọkọ̀ lọ́wọ́ lè wọ ọkọ̀ ojú omi Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, kí ó sì gúnlẹ̀ sí Liverpool ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì láìsí físà kankan. Ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò àti dókítà wa, ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà. Àmọ́ ìwé ìrìnnà fúnra rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta. A bí i ní 1900. Ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ kàwé ní 1919, ó sì padà wálé ní 1922. Ní 1947 òun nìkan ni obìnrin láàárín àwọn tí ẹgbẹ́ NCNC rán lọ sí Lọ́ńdọ́nù. Lẹ́yìn náà ó rin ìrìn-àjò lọ sí oríṣiríṣi ìpàdé àwọn obìnrin, títí dé ilẹ̀ Ṣáínà. Ìrìn yìí ni wọ́n kà sí i lọ́rùn. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sọ ìwé ìrìnnà òun dọ̀tun, ìjọba sì kọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òyìnbó nìkan ló ṣe é. Alhaji Abubakar Tafawa Balewa ti di olórí ìjọba àpapọ̀ láti 1957, ìjọba náà ni kò sì fún un. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ó lè máa fi èrò Kọ́múníìsì kọ́ àwọn obìnrin. Amẹ́ríkà náà kò fún un ní físà, ẹ̀sùn kan náà ni. Ó sọ pé òun kì í ṣe Kọ́múníìsì. Kò sí ẹni tó gbọ́.

Ẹ rò ó wò. Obìnrin tó ti rìn káàkiri ayé, tí àwọn ìwé ìpè ń wọlé fún láti òkèèrè, wá di ẹni tó jókòó sí Abẹ́òkúta. Kí ló wá ṣe? Kò pa iṣẹ́ ilé tì. Ó ń ṣe olórí àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà tó ti dá sílẹ̀ ní 1953, ó sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1959. Ó kọ̀wé, ó pariwo, kò jẹ́ kí ọ̀ràn náà sùn. Lẹ́yìn tí a gba òmìnira ní 1960 ni ọ̀nà tún là fún un. Ní 1968, Yunifásítì Ìbàdàn tó kọjú sí Agbowó yìí fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ní kò yẹ kó rìn ṣe di ẹni tí wọ́n ń dìde fún.

Kò dá nìkan jẹ ìyà yìí. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba di ìwé ìrìnnà W. E. B. Du Bois, àgbà ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú, mú láti 1952. Nígbà tí Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta 1957, Kwame Nkrumah ránṣẹ́ pè é, ṣùgbọ́n kò lè lọ. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni nígbà náà. Ní 1958 ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé wọn kò lè fi ìwé ìrìnnà du ènìyàn nítorí ohun tó gbàgbọ́, ó sì rí tirẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí asíá Gánà kọ́kọ́ gòkè ti kọjá. Èyí ló burú jù nínú ìdúró, tèmi ni mo sọ: ìwé lè padà dé, ọjọ́ tí a torí rẹ̀ béèrè ìwé kì í padà.

Ọ̀kan nínú irú àwọn tí a ń wí yìí sì gbé àárín wa ní Ìbàdàn. Es’kia Mphahlele ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Gúúsù Áfíríkà. Olùkọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1952 nítorí pé ó tako irú ẹ̀kọ́ tí ìjọba fẹ́ máa fi fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ó di oníwèé-ìròyìn, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó wá iṣẹ́ olùkọ́ sí Nàìjíríà, ó sì rí i. Àṣẹ láti jáde nílùú rẹ̀ ni kò tètè rí. Nígbà tí wọ́n gbà fún un ní 1957, ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Èkó, lẹ́yìn náà ó wá sí yunifásítì níhìn-ín. Ní 1961 òun pẹ̀lú Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá Ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ nítòsí ọjà Dùgbẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá ní Dùgbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ rántí pé ẹni tí ìjọba rẹ̀ kò fẹ́ kó jáde ló jókòó ṣe olórí níbẹ̀. Ó di 1977, ogún ọdún gbáko, kó tó padà sí Gúúsù Áfíríkà láti máa gbé.

Títí di ìgbà náà, ìwé ìrìnnà ni ìjà. Físà wá gba ipò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 1962 Ìlú Ọba ṣe òfin tó fi òpin sí wíwọlé fàlàlà àwọn ọmọ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1986 wọ́n kéde pé àwọn ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ọmọ Gánà, Íńdíà, Pakísítáànì àti Bangladesh, gbọ́dọ̀ gba físà, ìbáà ṣe ìbẹ̀wò lásán. Lẹ́yìn ìkọlù oṣù kẹsàn-án 2001, Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tó ń wá físà wá dáhùn ìbéèrè fúnra rẹ̀. Bí iye àwọn tó fẹ́ rìn ṣe ń pọ̀ sí i ni ìlà ń gùn sí i. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, wọ́n ti ilẹ̀kùn pátápátá. Nígbà tí wọ́n tún un ṣí, gbèsè iṣẹ́ ti gun orí ara wọn. Ní 2022 àti 2023, ẹni tó ń wá físà ìbẹ̀wò Amẹ́ríkà ní Èkó fún ìgbà àkọ́kọ́ lè dúró ju ọdún kan lọ kí ọjọ́ ìbéèrè tó kàn án. Lọ́dún 2022 kan náà, Ìlú Ọba kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sórí ìwé àwọn tí ogun lé kúrò ní Yukréìn, físà ìbẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì di ti ọ̀sẹ̀ méje. Báyìí ni ìbọn tó dún ní Yúróòpù ṣe dá ìyá arúgbó dúró ní Bódìjà.

Ṣùgbọ́n kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru àlejò. Ìwé ìrìnnà tiwa náà ti dá wa dúró rí. Ní 2023, nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò ìwé ìrìnnà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti sanwó rẹ̀ tí kò tíì jáde, ó lé ní 200,000. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ọdún náà ni wọ́n fi ṣe wọ́n tán, èyí tó fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Báwo wá ni ẹni tó ń dúró yóò ṣe ṣe é? Ẹ wo ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ yóò bímọ ní Lọ́ńdọ́nù ní oṣù kẹfà. Bí ó bá dúró di oṣù karùn-ún kó tó kọ̀wé, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà ti máa rẹ́rìn-ín kí ìyá àgbà tó dé, ta ni yóò sì wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ìlú Ọba gbà kí ènìyàn béèrè físà ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò. Ẹni tó lo gbogbo oṣù mẹ́ta náà ni ó ṣe é re. Kí ó má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ṣáájú físà. Mo mọ̀ pé ìtara ọmọ tuntun kì í jẹ́ kí a gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣòfò kò ní ra bùbá fún ọmọ. Kí ó ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé tó kó lọ, kí ó fi í pamọ́ sílé. Kí ó wo ọjọ́ tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ yóò parí, nítorí pé ó lè máa gbó lọ nínú ìdúró. Kí ó má sì ti ilé ìtajà rẹ̀ pa nítorí ìrìn tí kò tíì dá a lójú.

Ohun kan tún wà tí mo ní láti sọ láìfi bò. Bí ìdúró bá ti pẹ́, àwọn kan yóò yọ sí ni, wọn yóò ní àwọn mọ ẹnì kan nínú ilé aṣojú, tàbí pé àwọn lè fi owó kún owó báńkì lórí ìwé. Ìlú Ọba lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá parọ́ nínú ìwé físà fún ọdún mẹ́wàá. Ti Amẹ́ríkà lè jẹ́ títí ayé. Ẹni tó lè fara da ọ̀sẹ̀ méje wá sọ ọ́ di ọdún mẹ́wàá. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń báni tẹ ìwé ní Agbowó tàbí ní Ring Road lè ranni lọ́wọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kí ìyá náà jókòó tì wọ́n, kí wọ́n ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ fún un ní Yorùbá kó tó fọwọ́ sí i. Orúkọ tirẹ̀ ló wà lórí ìwé náà.

Àwọn ìdílé kan sì ti rí ọ̀nà mìíràn. Láti 1979 ni àwọn ilẹ̀ ECOWAS ti fi ẹnu kò pé kí ọmọ ilẹ̀ wọn máa lọ sí ilẹ̀ ara wọn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Bí ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ́nù bá ṣì ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà rẹ̀, tí ó sì ti gba tirẹ̀ fún ìkókó náà, wọ́n lè wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Accra, kí ìyá àgbà wọ mọ́tò láti Ìbàdàn gba Kútọnú àti Lomé lọ pàdé wọn. Ọ̀nà náà jìn, ẹnubodè rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n oníbodè tó wà níbẹ̀, yóò rí ojú rẹ̀.