Àlàfo Ìbẹ̀rẹ̀ Ìlà Kóòdù

Àlàfo tí akọ̀wé kóòdù ń fi síwájú ìlà, kí ojú lè tètè mọ ìlà tó wà lábẹ́ òmíràn. Nínú Python, èdè tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ rárá: òun ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tí iṣẹ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. PEP 8, ìlànà Python ti ọdún 2001, ní kí ó jẹ́ àyè 4. Tab, àmì kan ṣoṣo tó dúró fún àlàfo gbòòrò, tó fẹ̀ tó àyè 8 ni ìlànà kóòdù Linux ní kí wọ́n lò.

Bí ẹnì kan ní Òṣogbo bá lo tab, tí ẹnì kejì rẹ̀ ní Iléṣà lo àyè nínú fáìlì kan náà, Python 3 lè kọ̀ jálẹ̀. Èyí tó tún ń bíni nínú jù ni kí ẹnì kan pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan péré, kí ètò tó fi ń kọ̀wé yí gbogbo àlàfo padà, kí ìtàn iṣẹ́ náà sì fi hàn pé gbogbo ìlà ló yí padà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ òfin àlàfo sínú fáìlì .editorconfig. Go, èdè Google, kò tilẹ̀ fàyè gba iyàn: gofmt, irinṣẹ́ rẹ̀, ló ń bá wọn tò ó, tab ló sì ń lò.