Láti Ojú Fèrèsé Káàdì: Ìgbékalẹ̀ àti Ìgbéléwọ̀n Ẹ̀kọ́ Oyè Kejì Lórí Ìlò Kọ̀ǹpútà fún Ìlera

Àṣamọ̀
Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àyẹ̀wò bí a ṣe lè gbé ẹ̀kọ́ oyè kejì kalẹ̀ lórí ìlò kọ̀ǹpútà fún àkọsílẹ̀ ìlera, àti bí a ó ṣe mọ̀ bóyá ó yọrí sí rere. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ni a fi ṣe àwòkọ́ṣe. Èrò wa ni pé ilé ìwòsàn ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni a sì ti gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n.

Ìfáárà
Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ní Ìlúpéjú. Fọláṣadé ló wà lórí káàdì rẹ̀ ní ọsibítù ìjọba ní Ìkẹjà. Ṣadé ni wọ́n kọ ní kílíníkì ilé iṣẹ́. Ìyá Ìbejì ni nọ́ọ̀sì àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Ẹnì kan ti di mẹ́ta. Dókítà tó wò ó lónìí kò rí ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà àná kọ sílẹ̀. Bí a kò bá kọ́ ẹnikẹ́ni láti mọ̀ pé ẹnì kan náà ni wọ́n, mẹ́ta náà ni kọ̀ǹpútà yóò kà á sí.

Àwòkọ́ṣe Ifẹ̀
Ní 1989, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn rẹ̀ àti Yunifásítì Kuopio ní Fínlándì bẹ̀rẹ̀ àjọṣe. Inú rẹ̀ ni MINPHIS ti jáde, ètò kọ̀ǹpútà fún àkọsílẹ̀ aláìsàn tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà. Ní 1993, Ilé-Ifẹ̀ ló gba àlejò ìpàdé HELINA àkọ́kọ́, tó dá lórí ìlò kọ̀ǹpútà fún ìlera nílẹ̀ Áfíríkà. Fún ẹ̀kọ́ tí à ń gbé kalẹ̀, ohun tó níye lórí jù níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń kọ ètò náà àti àwọn tó ń lò ó jọ wà nínú ìlú kan náà. Bí nǹkan bá wọ́, wọ́n á lọ fi ojú ara wọn wò ó.

Ìgbékalẹ̀
IMIA, ẹgbẹ́ àgbáyé fún ìlò kọ̀ǹpútà nínú ìṣègùn, gbé ìmọ̀ràn lórí irú ẹ̀kọ́ yìí jáde ní 2000, wọ́n sì tún un ṣe ní 2010. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí a ṣe ń to ìròyìn ìlera, kí ó mọ ìṣègùn àti ètò ilé ìwòsàn, kí ó sì mọ kọ̀ǹpútà àti ìṣirò. Tiwa gbọ́dọ̀ fi mẹ́ta kún un: orúkọ Yorùbá àti àmì ohùn rẹ̀, Òfin Ààbò Détà Nàìjíríà ti 2023, àti bí iṣẹ́ kò ṣe ní dúró nígbà tí iná bá lọ. Kí dókítà, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù àti onímọ̀ kọ̀ǹpútà jókòó sí kíláàsì kan.

Ìgbéléwọ̀n
Ìpele mẹ́rin tí a lè fi wọn ẹ̀kọ́ ni Donald Kirkpatrick, onímọ̀ nípa ìdánilẹ́kọ̀ọ́, là sílẹ̀ ní 1959: ṣé akẹ́kọ̀ọ́ gbádùn ẹ̀kọ́ náà? Ṣé ó yé e? Ṣé ó ń lò ó lẹ́nu iṣẹ́? Kí ló yí padà níbi iṣẹ́ náà? Ìdánwò kò lè dáhùn méjì ìkẹyìn. Kí á tó bẹ̀rẹ̀, kí á ka iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń wá fáìlì kan àti iye aláìsàn tó ní káàdì méjì; lẹ́yìn ọdún kan, kí á tún un kà.

Àgbálọgbábọ̀
Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ fẹ́ dá irú ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀, òṣìṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ni kí ẹ kọ́kọ́ pè sípàdé. Kí ẹ tó kọ ìlà kan nínú kọ́ríkúlọ́ọ̀mù, ẹ lọ dúró ní ojú fèrèsé káàdì nílé ìwòsàn ní aago méje àárọ̀, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wá Fọláṣadé.