Ọgbà Àwọn Ọmọdé: Ibi Tí Ilé-Ìwé Jẹ́lé-ó-sinmi Ti Ṣẹ̀ Wá

Lónìí, a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ká sọ ìtàn kan tó kan àwọn ọmọ wa.

Jẹ́lé-ó-sinmi la sọ ilé-ìwé àwọn ọmọ kéékèèké lọ́dọ̀ wa. Orúkọ yẹn bá ìyá tó fẹ́ tètè dé ọjà mu dáadáa: kí ọmọ lọ, kí ilé sinmi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó dá irú ilé-ìwé yìí sílẹ̀ ní Jámánì, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti irúgbìn ló wà lọ́kàn ẹ̀. Kindergarten ló pè é. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni ọgbà àwọn ọmọdé.

Friedrich Froebel lorúkọ ẹ̀. Ọdún 1782 ni wọ́n bí i ní Oberweissbach, lágbègbè òkè àti igbó Thuringia. Ìyá ẹ̀ kú kó tó pé ọmọ ọdún kan. Nígbà tó di ọmọ ọdún 15, wọ́n fi í kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú igbó. Lẹ́yìn náà ló di olùkọ́. Ní 1837, ó ṣí ibi eré àti ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọdé ní Blankenburg; ní 1840 ló wá sọ ọ́ ní Kindergarten.

Èrò ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àgbẹ̀. A kì í fọwọ́ fa àgbàdo kó lè tètè ga. À ń bomi rin ín, à ń tu koríko ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, à ń dúró dè é. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n ṣe ọmọ. Yàtọ̀ sí orin àti eré, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ebè kékeré tirẹ̀. Bó bá tọ́jú ẹ̀, òun ló máa rí èrè ẹ̀. Bó bá gbàgbé ẹ̀, òun náà ló máa rí i bó ṣe ń rọ. Ebè àjọni ló wá yí ti àwọn ọmọ ká, èyí tí gbogbo wọn jọ ń tọ́jú. Ọmọ á mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀, á sì mọ ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú.

Ní 1851, ìjọba Prussia fòfin dè é. Wọ́n ní ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àìgba Ọlọ́run gbọ́. Ìwé tí Karl, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, kọ wà lára ohun tí wọ́n fi kà á sí i lọ́rùn. Froebel kú ní 1852, òfin náà ṣì wà nílẹ̀. Ọdún 1860 ni wọ́n tó gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ti kọ́ iṣẹ́ náà kò jẹ́ kó kú. Ní 1856, Margarethe Schurz ti ṣí ọ̀kan ní Watertown, ní Amẹ́ríkà.

Bó ṣe ń tàn kálẹ̀, orúkọ ń lọ, ọgbà ń ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ẹ wo ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi wa lónìí: kọnkéré ló gba gbogbo àgbàlá. Bí ọmọ bá wá dàgbà díẹ̀, tó pẹ́ dé ilé-ìwé, wọ́n á ní kó lọ gé koríko. Ìyà ni wọ́n fi iṣẹ́ oko jẹ ẹ́! Ọmọ tó bá ti kékeré ka oko sí ìyà, ṣé òun ló máa gba ọkọ́ lọ́wọ́ wa?

Ohun tí a lè ṣe kò le. Ẹ fún ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹní kan, nítòsí ilé. Ẹ fún un ní ẹ̀wà tàbí àgbàdo. Kì í pẹ́ yọjú, sùúrù ọmọdé kò pọ̀. Ẹ má fún un ní àdá, ẹ má sì fọ́n oògùn apakoríko síbẹ̀. Eré ni o, kì í ṣe làálàá. Bó bá kórè, ìyá oníṣòwò, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹ̀, kó fọwọ́ ara ẹ̀ ka owó.

Kí lẹ kọ́kọ́ fọwọ́ ara yín gbìn ní kékeré? Ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀ níbí.